Ẹ̀ka Ìjọba Tí Mo Ṣì Bẹ̀

Ìyá mi ọ̀wọ́n, Alhaja Mọ̀ríámọ̀, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìfaradà ẹnu aráyé. Ọmọ yín kúnlẹ̀ kí yín láti Balbriggan, ìlú kékeré kan létí òkun lẹ́yìn Dublin, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti àná tí kò sì jọ pé ó ń ronú àtidá. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Sẹ̀kínà, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ni yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibì kankan, títí kan ibi tó bá ṣòro fún yín láti kà. Mo kí Alfa wa, mo kí gbogbo ará ilé, mo sì kí àwọn ìyá tí ẹ jọ ń ṣe àsálátù lọ́jọ́ Sunday, pàápàá àwọn tí wọn kì í kí yín padà mọ́.

Mo mọ̀ pé yóò yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lórí fóònù pé wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri Ìwó pé oògùn olóró ni wọ́n bá lọ́wọ́ Múfútáù, ọkọ mi, tí wọ́n fi dá a padà sílé. Wọ́n ní àwọn mìíràn sọ pé èmi ló nà. Wọ́n ní ìjọba òyìnbó kì í ṣàdédé lé ènìyàn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá sọ pé ẹ kò lọ sí àsálátù mọ́ nítorí ojú tí wọ́n fi ń wò yín, mo sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí mo ń fọ̀ lọ́wọ́. Mo wá rò ó pé ọ̀rọ̀ tó ti di ti gbogbo ìlú, lẹ́tà inú àpòòwé kò lè pa á. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́ ọ.

Múfútáù kò jí nǹkan. Kò ta nǹkan. Kò gbé ọwọ́ sókè sí mi rí. Agége ló wà báyìí lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, kò fẹ́ wá sí Ìwó, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun, nítorí ojú ń tì í. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Títí di òní, ohun tó gbà gbọ́ ni pé ìjọba ibí ka ẹ̀bẹ̀ òun, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Ìyá mi, wọn kò kọ̀ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn ni. Èmi ni mo gbé e lọ síbi tí kò yẹ, tí mo sì fi irọ́ bò ó mọ́lẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìgbéraga mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, tí wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní Gọ́fúmẹ́ǹtì. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń múra iṣẹ́ ọjọ́ kejì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín; ẹ̀yin ń wa máṣíìnì ìránṣọ, èmi ń kàwé sókè. Ìjọba Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ́ wọn. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń sú mi, nítorí wọn kò kó òfin tiwọn jọ sójú kan, àmọ́ ti Amẹ́ríkà wà lójú ìwé, ó gún régé. Mo máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Mo ní àwọn tó dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ ti rí ìyà lọ́wọ́ ọba, wọ́n sì pinnu pé ẹnì kan ṣoṣo kò ní lágbára lórí àwọn bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n wá pín ìjọba sí ẹ̀ka mẹ́ta: ẹ̀ka kan ń ṣòfin, ẹ̀ka kan ń mú òfin ṣẹ, ẹ̀ka kẹta ń fi òfin dájọ́. Ẹni tó bá jókòó sí ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ jókòó sí èkejì. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ àwọn yòókù, bí ọ̀kan bá fẹ́ ṣàṣejù, òmíràn á dá a dúró. Ẹ gbé orí sókè lọ́jọ́ kan, ẹ bi mí pé tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wá jẹ́ ọ̀rẹ́ ńkọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Ìyá, ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ó dáa, ẹ sì ń bá iṣẹ́ yín lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì pupa kọ sókè pátákó lọ́dọọdún. Pé àwọn ará ìlú ló ni àṣẹ, wọ́n kàn yá ìjọba ni. Pé ìjọba kò lè ṣàkóso ẹni tí kò gbà kí wọ́n ṣàkóso òun. Pé ìjọba gbọ́dọ̀ ní ààlà. Pé òfin ga ju ẹnikẹ́ni lọ, àti olówó àti aláṣẹ. Pé ẹ̀tọ́ kan wà tí Ẹlẹ́dàá dá mọ́ ènìyàn, tí ẹnì kankan kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń kà á bí orin. Láìpẹ́, gbogbo àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Tíṣà Gọ́fúmẹ́ǹtì. Ẹni tí ọlọ́pàá ti ọmọ rẹ̀ mọ́lé, ẹni tí káńsù fẹ́ wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ wá. Èmi á kọ ọ́ dáadáa, a óò sì wá ẹni ńlá kan tí yóò bá wa gbé e dé ibi tó yẹ. Ó sì máa ń bọ́ sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ibẹ̀ ni mo ti rò pé mo mọ ìjọba.

Ẹ mọ bí mo ṣe dé ìlú yìí tòun toyún, tí mo sì bí Àmínà síbí. Òfin ìgbà náà ni pé ọmọ tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ yìí, ọmọ ilẹ̀ yìí ni, ọmọ ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́. Inú mi dùn, torí bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa Amẹ́ríkà. Kí Múfútáù tó rọ́nà wá bá wa, Àmínà ti ń rìn. Nígbà tó yá, ìjọba ní àwọn yóò fún òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìwé ìgbé, àmọ́ òbí tó ti ń gbé níbí láti ọjọ́ ìbí ọmọ náà nìkan. Mo rí tèmi gbà. Múfútáù kò sí níbí lọ́jọ́ náà, kò rí tiẹ̀ gbà. Ó tọrọ ààbò gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sá àsálà, wọ́n ní àlàyé rẹ̀ kò tó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di oríṣi ènìyàn mẹ́ta nínú ilé kan. Ọmọ jẹ́ onílé, ìyá jẹ́ ẹni tí wọ́n gbà láàyè, bàbá jẹ́ ẹni tí wọ́n ń wò pé ìgbà wo ni yóò lọ.

Ẹ ti gbọ́ pé owó wà nílùú yìí. Irọ́ kọ́. Wọ́n ní ẹkùn ni ọrọ̀ ajé wọn, wọ́n ń fọ́nnu nípa rẹ̀ lórí rédíò. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ́lé, láti ojú fèrèsé mi mo lè ka kéréènì mẹ́rin. Wọ́n ń wá oníṣẹ́ iná bí ẹni ń wá omi. Múfútáù yìí kan náà, tó ti fa iná wọ ilé tí kò lóǹkà n'Íbàdàn, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan wáyà, nítorí òfin ní ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì yanjú kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Ilé ló wà. Òun ló ń mú Àmínà lọ sí ilé ìwé, òun ló ń dì í ní irun, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó mọ ọ́n dì jù mí lọ. Èmi ló ń wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú nítòsí ìlú Swords, níbi tí mo ti ń fọ ilẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tí mo bá délé ní ọ̀sán, tí òjò ti pa mí, ọbẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ẹnì kan wà níbi iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Maureen ni wọ́n ń pè é, ìyá àgbà ọmọ ilẹ̀ yìí ni, àwa méjèèjì la jọ ń ti kẹ̀kẹ́ omi kan náà. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mu tíì wọn, òun ló ra bàtà ilé ìwé àkọ́kọ́ fún Àmínà. Ní ọdún kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìjọba pe gbogbo ará ìlú pé kí wọ́n wá dìbò lórí bóyá kí ọmọ tí àlejò bí síbí ṣì máa di ọmọ onílẹ̀. Ìbò náà lọ bó ṣe lọ, wọ́n ní kó má rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ti Àmínà kò yí padà, torí wọ́n ti bí i ṣáájú. Lọ́jọ́ kejì ìbò, Maureen fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òun wà lára àwọn tó ní kí wọ́n dá a dúró. Kò fi ṣe ìkà. Ó ní àwọn tó ń rọ́ wá bímọ ni òun ní lọ́kàn, kì í ṣe èmi, èmi kò sí lára wọn. Mo dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi ń kọ ọ́ sórí pátákó pé àwọn ará ìlú ló ni àṣẹ, n kò ronú rí pé ará ìlú lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn mi, tó ra bàtà fún ọmọ mi, tó sì dìbò pé kí irú mi máa lọ. Kò sí ẹni tí mo lè bínú sí. Mo bá a ti kẹ̀kẹ́ náà lọ sí ẹnu ọ̀nà kejì.

Ọdún kejì lẹ́yìn náà ni lẹ́tà Múfútáù dé. Ojú ewé méjì ni. Wọ́n ní mínísítà ń gbèrò láti dá a padà sí Nàìjíríà, pé ó ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti kọ̀wé sí ọ́fíìsì mínísítà náà, kó sọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n dá a padà. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, kedere, tòun ti àdírẹ́sì nísàlẹ̀. Alhaja Sìkírá, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Lucan, tí a jọ ń pàdé ní mọ́sáláṣí, gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ní kí n má jáfara. Ó ní kí n lọ jókòó sí ọ́fíìsì lọ́yà láàárọ̀ ọ̀la, kí n má dìde títí wọ́n á fi kọ lẹ́tà náà, kí tíṣà Àmínà kọ tiẹ̀, kí dókítà kọ tiẹ̀, kí a kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì yẹn. Alhaja Sìkírá kò kàwé púpọ̀, irun ló ń ṣe. Mo dá a lóhùn pé mo ti gbọ́. Nínú ọkàn mi, mo ní kí ni èyí mọ̀ nípa ìjọba.

Ẹ wo bí mo ṣe rò ó, Ìyá mi. Mo ní mínísítà ni ẹ̀ka aláṣẹ. Òun ló fẹ́ lé wa. Ẹni tó ti gbé ọwọ́ sókè láti na ènìyàn, ṣé òun náà la ó tún máa bẹ̀? Àwọn tó kọ òfin Amẹ́ríkà gbọ́n jù bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí ẹ̀ka kan máa dá èkejì lẹ́kun. Nítorí náà, aṣòfin ló yẹ kí n bá, nítorí aṣòfin ló lágbára láti bi aláṣẹ pé kí ló ń ṣe. Múfútáù bi mí lẹ́ẹ̀kan péré bóyá kò dára ká ṣe bí lẹ́tà náà ṣe wí. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi. Ó ní ó dáa, pé èmi ni mo kàwé rẹ̀. Kò bi mí mọ́.

Mo kọ ẹ̀bẹ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́rin. Ojú ewé méje. Ìyá mi, ó dùn ún kà. Mo sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ tí Ẹlẹ́dàá dá mọ́ ènìyàn, mo sọ̀rọ̀ nípa ìjọba tó ní ààlà, mo sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí wọ́n ń ṣàkóso láìbi wọ́n léèrè, mo fi hàn pé mo ka ìwé òfin Amẹ́ríkà, mo sì ka tiwọn náà. Mo ṣì ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo kà á ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì ka iye ìgbà tí orúkọ Àmínà wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì. N kò sọ pé bàbá rẹ̀ ló ń mú un lọ sí ilé ìwé. N kò sọ pé òun ló ń di irun rẹ̀. Mo kọ ọ́ bí ẹni pé ìdánwò ni mo ń ṣe.

Aṣòfin àdúgbò wa máa ń gba àlejò ní ọjọ́ Sátidé, nínú yàrá kan lókè ilé ọtí. Mo fa ìbòrí mi dáadáa, mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé, mo jókòó pẹ̀lú bàbá kan tó wá nítorí òpó iná àti obìnrin kan tó ń wá ilé. Nígbà tó kàn mí, ọkùnrin náà dìde fún mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó bi mí léèrè ọmọ mi, ó gba ìwé náà, ó ṣí i wò. Ó ní mo kọ ọ́ dáadáa. Ó ní kí n fi sílẹ̀ fún òun. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé ọtí yẹn bí ẹni pé mo ti rí ìwé ìgbé gbà. Òjò ń rọ̀, n kò ṣí agbòjò. Mo sọ fún Múfútáù pé ó ti bọ́ sí i, ó sì se ìrẹsì ẹlẹ́ran lọ́jọ́ náà.

Mo pe ohun tí mo ṣe yìí ní ìyàsọ́tọ̀ agbára láàárín ẹ̀ka ìjọba. Ṣùgbọ́n tí mo bá máa sọ òótọ́ fún gbogbo ẹni tó ń ka ìwé yìí, ohun tí mo ṣe gan-an ni ohun tí a máa ń ṣe nílé. Mo wá ẹni ńlá. Mo rò pé ẹni ńlá á gbé fóònù, á sọ fún ẹni ńlá kejì pé ẹni mi ni, ọ̀rọ̀ á sì parí. Mo kàn fi ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà wọ̀ ọ́ láṣọ ni.

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà kọjá, mo sì ń dúró. Mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ìsàlẹ̀ lẹ́tà yẹn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, lẹ́tà mìíràn dé pé mínísítà ti fọwọ́ sí i, kí Múfútáù máa lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo tó sáré lọ bá lọ́yà. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó rẹ̀ ẹ́, fáìlì kún ilẹ̀ yàrá rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni a kọ ránṣẹ́. Mo sọ fún un. Ó wá rọra ṣàlàyé pé níbí, mínísítà fúnra rẹ̀ aṣòfin ni, inú ilé aṣòfin kan náà ni òun àti ọ̀gbẹ́ni yẹn jọ ń jókòó, pé àwọn tó ń ṣòfin ni wọ́n ń yan àwọn tó ń mú un ṣẹ láàárín ara wọn. Ó ní ọ̀gbẹ́ni yẹn lè béèrè ọ̀rọ̀, kò lè dá nǹkan dúró. Mo ní ilé ẹjọ́ ńkọ́. Ó ní ilé ẹjọ́ á kàn wò ó bóyá wọ́n tẹ̀lé òfin ni. Wọ́n sì tẹ̀lé e. Wọ́n fún wa láyè láti sọ̀rọ̀, a kò sọ nǹkan kan. Ó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú lẹ́tà náà hàn mí, pé ọkùnrin náà kò fi ẹ̀bẹ̀ kankan ránṣẹ́.

Ìyá mi, òfin kò ṣẹ̀ wá. Èyí ló ń pa mí. Tí ó bá jẹ́ pé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni, ǹ bá rí ibi fi ìbínú mi sí. Ọ̀gbẹ́ni aṣòfin náà kọ̀wé ní tòótọ́, àmọ́ ìgbà tí ọjọ́ ti kọjá ló kọ ọ́, ó béèrè pé ibo ni ọ̀rọ̀ dé, wọ́n sì dá a lóhùn pé ó ti parí. Ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ó dun òun. Mo gbà pé ó dùn ún. Ó dun Maureen, ó dun lọ́yà, ó dun gbogbo ènìyàn.

Mo délé, Múfútáù ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó bi mí pé kí ni wọ́n wí. Mo ní wọ́n ka ẹ̀bẹ̀ náà, wọ́n ní kò tó. Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó ronú. Ó jókòó. Ó ní ẹni tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí wọn kò gbọ́ tirẹ̀, òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú. Ó gbá mi mọ́ra, Ìyá mi, ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn èyí? Ojoojúmọ́ ni mo ń múra àtisọ ọ́, ojoojúmọ́ ni mo ń sún un.

Wọ́n ní kó máa lọ fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò ní ìgboro Dublin, ní gbogbo ọjọ́ Tuesday. Ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, ó ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Ní Tuesday kan, ó gbé ìbọ̀sẹ̀ funfun tó rà fún Àmínà dání, nítorí ó kéré jù, ó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń bọ̀. Ọjọ́ náà ni wọn kò jẹ́ kó bọ̀. Ó rí àyè pè mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n má sunkún níbi iṣẹ́. Ó ní tí Àmínà bá béèrè, kí n sọ pé òun lọ síbi iṣẹ́. Ọkùnrin tí òfin kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Pẹ̀lú ẹ̀wù tó wọ̀ jáde láàárọ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ̀ nínú báàgì ni ó fi balẹ̀ sí Ìkẹjà. Ẹ sọ fún àwọn tó ń wá oògùn olóró pé ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Báyìí, Alhaja Sìkírá máa ń wá láti Lucan lọ́jọ́ Sátidé láti bá mi di irun Àmínà. Kò sọ pé ṣebí òun ti wí fún mi. Ǹ bá fẹ́ kó sọ ọ́. Yorùbá ni mo ń bá Àmínà sọ, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ Dublin ló fi ń dá mi lóhùn bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kéré lẹ́nu rẹ̀. Tíṣà rẹ̀ bi í pé báwo ni nǹkan ṣe rí, ó ní grand, ìyẹn ni pé ó dáa, ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ nìyẹn tí wọn kò bá fẹ́ sọ nǹkan kan. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé iṣẹ́ wo ni bàbá òun ń ṣe tí kì í délé. Mo ní iṣẹ́ iná. Ó ní ṣé kò síná níbí ni.

Ẹ ó ní kí n kó ọmọ mi bọ̀ wálé. Mo ti rò ó dé ibi tí ìrònú lè dé. Tí mo bá kúrò níbí pẹ́, ìwé tèmi bàjẹ́, n kò sì ní lè mú un padà wá sí ìlú tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Tí mo bá dúró, kò ní bàbá. Ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti gbé ilẹ̀ yìí títí láé, ọmọ ọdún méje, kò sì lè fi pe bàbá rẹ̀ wọlé. Mo kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ pé ẹ̀tọ́ àbímọ́ni kò ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni. Òótọ́ ni. Wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe, Ìyá mi. Mo jókòó síbí ni, mo ń fọ ilẹ̀ tí àwọn tó ń rìnrìn àjò ń tẹ̀ kọjá.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí Agége. Kí ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé yín, kí wọ́n ka ìwé yìí fún Múfútáù kó tó rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ má bá mi ṣàlàyé. Ẹ má sọ fún un pé ọmọdé ń ṣe mí, ẹ má sọ pé èṣù ni. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ bí mo ṣe kọ ọ́, kí ẹ sì sọ ohun tó bá sọ fún mi láìfi iyọ̀ sí i, kódà tó bá ní òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ mi mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ ẹni tó ni ẹ̀bẹ̀. Òun nìkan ló lè gbà á, òun nìkan ló lè kọ̀ ọ́. Kò sí ẹni ńlá tí mo lè bẹ̀ sí i, n kò sì ní wá ọ̀kankan.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ìlera, kó fún yín ní ojú tí ẹ ó fi padà sí àsálátù, kó má jẹ̀ẹ́ kí àwa ọmọ tún kó ìtìjú bá yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kí Alfa, ẹ kí àwọn ará àdúgbò, àti ẹni tó gbé ìròyìn náà káàkiri àti ẹni tó gbà á gbọ́. Ẹ bá mi kí ọkọ mi, tó bá ṣì gbà kí n máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín,
Rùkáyátù